Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: Ohun Tí Ó Fọ́ àti Ohun Tí Ó Bàjẹ́



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nínú kíláàsì wa ní Mùṣin, ìyá kan ń wá gègé nínú báàgì rẹ̀. Bí ó ti ń wá a, àtíkè rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Àtíkè dídì ni, irú èyí tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú ike pẹlẹbẹ tí ó ní dígí. Dígí rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n àtíkè inú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Ìyá yìí ń ta aṣọ òkìrìkà ní Yábà. Ó ní ọjọ́ kẹta tí òun rà á nìyẹn, èrè ọjọ́ méjì sì ni òun kó lé e lórí. Ojú rẹ̀ fà ro.

Ẹni tí ó jókòó tì í ní, "Àǹtí, ẹ dà á nù jàre, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gba ìtọ́tè tèmi, kí ẹ fi ṣe ara yín lóge." Ó fa ìtọ́tè náà yọ. Ìtọ́tè náà gún régé, kò sí ibi tí ó ti kán. Ṣùgbọ́n bí ó ti ṣí i, òórùn kan jáde bí òróró tí ó ti kan. Mo ní kí ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó fara balẹ̀, ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: E, X, P. Ó ka nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé e. Àṣé ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti parí láti ọdún tí ó kọjá!

Ṣé ẹ rí nǹkan? Èyí tí ó fọ́ ni wọ́n fẹ́ dà nù. Èyí tí ó bàjẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi kun ètè. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ òní dúró lé: ohun tí ó fọ́ ṣeé tún ṣe, ohun tí ó bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe. Ẹni tí ó bá lè kàwé ni yóò tètè mọ ìyàtọ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín pé kí ló kan bàbá tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ àtíkè àti tìróò. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọbìnrin mi ni wọ́n kọ́ mi ní èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣe. Ìwé ni ó kọ́ mi ní ìyókù.

1. BÍ A TI Ń ṢE OJÚ LÓGE NÍ ÒWÚRỌ̀

Ìṣaralóge kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Kí àtíkè òyìnbó tó dé, àwọn ìyá wa ti ń fi osùn pa ara, wọ́n ti ń fi làálì kun ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọ́n ti ń fi òrí àti àdín pa awọ ara kí ó lè dán. Wọ́n mọ̀ pé ara mímọ́ ni oge ń jókòó lé. Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe é:

Èkínní, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọ ojú. Ọwọ́ tí ó ti di irin dáńfó mú, tí ó sì ti ka owó, kò yẹ kí ó kan ojú. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ ojú, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má fi aṣọ ha ojú.

Èkejì, ẹ fi ìpara díẹ̀ pa ojú, tàbí òrí tí kò ju hóró àgbàdo kan lọ. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó wọ ara. Bí ẹ bá da àtíkè lé ìpara tí ó ṣì tutù, yóò dì síbìkan ju ibòmíràn lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo àtíkè tí ó bá awọ ara yín mu. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má dán an wò ní ẹ̀yìn ọwọ́, nítorí ọwọ́ àti ojú kì í sábà jọ ara wọn. Ẹ dán an wò ní ibi tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ti pàdé ọrùn. Ẹ jáde síta kí ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, nítorí iná inú ṣọ́ọ̀bù a máa tan ojú jẹ. Bí ó bá bá yín mu, ẹ kò ní rí i mọ́ lára. Bí ó bá funfun, ẹ fi í sílẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará ilé bèèrè bóyá ẹ lọ lọ láfún. Ẹ fi fóòmù mú díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ láti àárín ojú lọ sí ẹ̀gbẹ́. Díẹ̀ ṣeé fi kún. Púpọ̀ kò ṣeé yọ láìtún ojú fọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń fi pẹ́ńsù ya irun òkè ojú, ẹ mú un bí a ti kọ́ yín láti mú gègé: ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fa ìlà kéékèèké bí irun, kí ẹ má fa ìlà kan gbọọrọ bí ẹni ń fi rúlà fa ìlà sí ìwé.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ tọ́tè láti àárín ètè lọ sí ìgun rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ètè méjèèjì di tíṣù mú lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí ó pọ̀ jù yóò kúrò, èyí tí ó kù yóò pẹ́.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ òógùn. Ẹni tí ó bá ti bá ìdádúró ọkọ̀ pàdé ní Ojúẹlẹ́gba lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń sọ. Bí òógùn bá bò yín, ẹ má fi àtíkè lé e lórí, nítorí yóò ṣù bí ẹ̀lùbọ́ tí omi ta sí. Ẹ kọ́kọ́ fi tíṣù tẹ òógùn náà gbẹ, kí ẹ tó fi àtíkè díẹ̀ sí i.

Èkeje, ẹ má gbé oge lọ sí orí ibùsùn. Kí ẹ tó sùn, ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

2. BÍ A TI Ń TÚN ÈYÍ TÍ Ó FỌ́ ṢE

Àtíkè dídì tí ó fọ́: Ẹ lọ sí ilé ìtajà oògùn, kí ẹ ra sípírítì tí wọ́n kọ orúkọ yìí sí lára: ISOPROPYL ALCOHOL 70%. Ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n kọ METHYLATED SPIRIT sí kọ́ ni mo wí o. Májèlé wà nínú ìyẹn, kò sì yẹ fún ojú. Ẹ má lo kẹrosíìnì, ẹ má lo lọ́fínńdà, ẹ má sì lo omi lásán, nítorí omi a máa jẹ́ kí àtíkè bu.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí mímọ́ lọ àtíkè náà kúnná nínú ike rẹ̀, títí tí kò fi ní ṣẹ́ku kókó kankan. Ẹ kán sípírítì sí i díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ tí ó ki. Ẹ fi ṣíbí tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tàbí tíṣù lé e, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ó lè fa omi rẹ̀. Ẹ ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ní ibi tí eruku kò sí. Sípírítì náà yóò fò lọ, àtíkè yóò sì dì padà. Ó lè le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é jìnnà sí iná. Sípírítì a máa gba iná kíákíá. Ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ẹ má ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Ìtọ́tè tí ó kán: Ẹ ṣá iná ìṣáná kan. Ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ kan ojú méjèèjì tí ó ti kán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó kàn rọ̀, kí ó má yọ́. Ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ fi igi ìtayín tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí iná, ẹ dé e, kí ẹ gbé e dúró sínú abọ́ omi tútù, ṣùgbọ́n kí omi má wọ inú rẹ̀.

Bí ó bá ti fọ́ kọjá síso, ẹ kó o sínú agolo kékeré tí ó mọ́. Ẹ gbé agolo náà sínú abọ́ omi gbígbóná títí yóò fi yọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó dì. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré mú un.

Pẹ́ńsù ojú tí ń ṣẹ́ nígbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ: ooru ni ó mú un rọ̀. Ẹ gbé e sínú fìríìjì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Ẹ máa gbẹ́ ẹ nígbà gbogbo kí ẹ tó lò ó, kí orí tí ó ti kan ojú tẹ́lẹ̀ lè kúrò.

3. ÈYÍ TÍ KÒ ṢEÉ TÚN ṢE

Ohun ìṣaralóge tí ó bàjẹ́ a máa fi ara rẹ̀ hàn. Òórùn rẹ̀ a yí padà. Àwọ̀ rẹ̀ a yí padà. Omi a ya kúrò lára òróró rẹ̀. Ó lè bu, kí ẹ rí àmì dúdú tàbí funfun lójú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tẹ̀ lé e.

Masikárà, èyí tí a fi ń ya irun ìpéǹpéjú, ni ẹ̀tàn rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ó bá gbẹ, àwọn kan a bu omi sí i, àwọn mìíràn a tutọ́ sí i. Ẹ má dán an wò! Wọ́n fi oògùn kan sínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá bu omi lé e, agbára oògùn náà yóò dín kù. Itọ́ ẹnu sì kún fún kòkòrò. Láti ibẹ̀, ojú ni ó kàn. Bí masikárà bá ti pé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tí ẹ ti ṣí i, ẹ jù ú nù, ì báà ṣẹ́ ku.

Ẹ má yá ara yín ní ohun tí ń kan ojú. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà yóò rántí orúkọ àìsàn ojú pípọ́n tí a ń pè ní Àpólò. Ní ọdún 1969 ni ó bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ó sì tàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún náà ni ọkọ̀ òfuurufú Àpólò ti Amẹ́ríkà gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá fi orúkọ ọkọ̀ náà sọ àìsàn. Ọwọ́ àti ohun tí ó ti kan ojú aláìsàn ni ó ń gbé e kiri. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ bá ní, "Yá mi ní pẹ́ńsù ojú rẹ," ẹ fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹ má yá a. Bí ojú yín bá pọ́n, tí ó ń ta, tí kò sì lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní agbègbè wa níbí, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, wọ́n sì ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú ojú.

Awọ ara náà wà lára ohun tí a kò lè tún ṣe bí àtíkè. Ìpara tí ń bó ara a máa jẹ́ kí awọ ara fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ kì í sì í tètè jinná lára ẹni tí ń lò ó. Èyí tí mákíúrì wà nínú rẹ̀ a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 1976, Fẹlá Aníkúlápó Kútì, tí ilé rẹ̀ wà ní Ìdí-Òro ní Mùṣin níbí nígbà náà, gbé àwo orin "Yellow Fever" jáde láti bá àwọn tí ń bó ara wí. Ó ti pẹ́ tí ìkìlọ̀ ti wà, ṣùgbọ́n ìpara náà ṣì wà lórí àtẹ.

4. Ọ̀RỌ̀ TÌRÓÒ

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí.

Àwọn ìyá wa lé tìróò. Wọ́n lé e fún àwa náà nígbà tí a wà ní ìkókó. Wọ́n ní ó ń mú ojú ọmọ dán, ó sì ń jẹ́ kí ó ríran. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn wá lónìí, wọn kò ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà mọ̀ ọ́n.

Òkúta dúdú kan wà tí ń dán, tí wọ́n máa ń lọ̀ ṣe tìróò. Òjé àti imí ọjọ́ ni ó para pọ̀ di òkúta náà. Òjé yìí kan náà ni apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Òun náà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Májèlé ni.

Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú ọmọ náà ni. Ọwọ́ ẹni tí ń tajà lójú pópó ní Nàìjíríà ni wọ́n ti rà á. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, ó ju ọ̀nà 82 lọ tí ó jẹ́ òjé. Àjọ CDC tí ń rí sí àrùn ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 2012 láti fi kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dá tìróò náà dúró, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Báwo ni òjé ṣe ń ti ojú dé inú ẹ̀jẹ̀? Ọmọ a fi ọwọ́ nu ojú, a sì fi ọwọ́ kan náà sí ẹnu. Ọpọlọ ọmọ ni ó ń bá jà. Kò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ wọlé bí ó ti yẹ, èyí tí ó bá sì ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ kì í sábà ṣeé tún ṣe. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń pani. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Wọ́n ń fọ́ òkúta wúrà nínú ilé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Àwọn ọmọdé tí ó kú lé ní 400. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí bí òjé ti lè kéré tó nínú ẹ̀jẹ̀ tí a lè pè ní aláìléwu.

Èmi tí mo ti dúró níwájú pátákó ìkọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo rántí àwọn ọmọ tí ìwé kò wọ orí wọn. A nà wọ́n. A pè wọ́n ní olódo. Ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn? Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ má lé tìróò fún ọmọ ọwọ́. Kí aboyún má lé e, nítorí òjé a máa ti ara ìyá dé ara ọmọ inú. Kò sí bí ẹ ṣe lè fi ojú mọ èyí tí òjé wà nínú rẹ̀. Kò ní òórùn. Bí àgbà bá fẹ́ ya ojú, kí ó ra pẹ́ńsù tí nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lé e fún ọmọ yín, ẹ má sunkún. Ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún dókítà pé tìróò ni ẹ lò, kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n lè yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní, "Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti òwúrọ̀ ṣepin."

5. Ẹ KA ARA IKE

Nígbà tí ẹ bá lọ sí ọjà Ojúwoyè tàbí Tẹ̀júoṣó, ẹ má tíì fa owó yọ. Ẹ yí ike náà, kí ẹ wá àwọn lẹ́tà wọ̀nyí:

MFG: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

EXP: ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ parí. Bí ẹ bá rí EXP 08/2027, oṣù kẹjọ ọdún 2027 ni. Bí oṣù náà bá ti kọjá, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

6M tàbí 12M nínú àwòrán ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ṣí: oṣù 6 tàbí oṣù 12 ni ẹ lè lò ó láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i. Ẹ fi gègé kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ìdí rẹ̀.

NAFDAC: àjọ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti máa bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn yẹ kí ó wà lára ike náà.

MERCURY: mákíúrì nìyí. Bí ẹ bá rí i, ẹ sá. NAFDAC kò fi àyè gbà á nínú ìpara.

Bí ẹni tí ń tajà bá ní, "Ìyá, ẹ kàn rà á, kò sí wàhálà," ẹ dá a lóhùn pé, "Mo ti ń kàwé báyìí, jẹ́ kí n kà á ná."

Ìyá tí àtíkè rẹ̀ fọ́ níjọ́sí tún un ṣe nílé. Ó mú un wá sí kíláàsì, ojú àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì hàn lórí rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ju ìtọ́tè tí ó ti kan nù. Nígbà tí ó fẹ́ ra òmíràn, ó ka EXP ike mẹ́ta kí ó tó mú ìkẹrin. Ó ní ẹni tí ń tajà bínú díẹ̀. Mo ní kò burú.

ÌDÁNRAWÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó fọ́ àti ohun tí ó bàjẹ́? Ẹ fi àpẹẹrẹ méjì hàn.
2. Orúkọ wo ni ẹ ó wò lára ìgò sípírítì tí a fi ń tún àtíkè ṣe? Èwo ni a kò gbọdọ̀ lò?
3. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ bu omi tàbí itọ́ sí masikárà?
4. Kí ni wọ́n bá nínú tìróò tí wọ́n yẹ̀ wò ní Boston?
5. Ẹ mú ohun ìṣaralóge kan láti ilé wá. Ẹ da EXP àti nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ kọ sínú ìwé yín. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ kọ pé, "N kò rí i," kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní kíláàsì.